Láti Èkó Dé Lomé Létí Òkun: Ìbéèrè Àti Ìdáhùn Fún Ẹni Tó Fẹ́ Fara Balẹ̀ Rìn

Ọ̀nà tó ti Èkó gba Àgbádárìgì, Kútọnu, Ouidah, Grand-Popo àti Aného dé Lomé kì í ṣe àjèjì sí wa. Àmọ́ ọjà ló ń gbé ọ̀pọ̀ wa débẹ̀: a sáré lọ, a rajà, a sáré padà. Mo fẹ́ràn ọ̀nà náà gan-an, ó sì máa ń dùn mí pé a kì í wò ó. Àwọn ohun tó máa ń rú ẹni tó fẹ́ fi ìgbafẹ́ rìn ín lójú ni mo fẹ́ dáhùn níbí.

Ìbéèrè: Èkó sí Lomé ò tó 300 kìlómítà. Kí ló dé tí ẹ fi ní ká fi ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà sí i?

Ìdáhùn: Kì í ṣe kìlómítà ló ń jẹ àkókò lójú ọ̀nà yìí. Èkó sí Kútọnu jẹ́ nǹkan bíi 120 kìlómítà, Kútọnu sí Lomé jẹ́ nǹkan bíi 150. Àmọ́ ẹ ó bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Mile 2, ẹ ó bá ibùdó àyẹ̀wò lóríṣiríṣi kí ẹ tó dé bodè Sẹ̀mẹ̀, ẹ ó sì tún kọjá bodè Hillacondji láàárín Benin àti Tógò. Ọlọ́jà tó bá jí ní ìdájí lè dé Lomé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ á ti wó, kò sì ní lè sọ ohun tó rí lọ́nà fún ẹnikẹ́ni.

Bí èmi ṣe máa pín in rèé. Ẹ sun Àgbádárìgì lálẹ́ àkọ́kọ́, kí ẹ lè kọjá bodè láàárọ̀ tí ara ṣì le. Ẹ sun Ouidah. Ẹ sun Grand-Popo lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wá sun Aného tàbí Agbodrafo kí ẹ tó wọ Lomé. Kútọnu ńkọ́? Ìlú tó dáa ni, àmọ́ ìlú ńlá ni, ẹ sì ti ní Èkó nílé. Tí ẹ bá dúró níbẹ̀, kó jẹ́ torí Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí òpó nínú adágún Nokoué. Abomey-Calavi lẹ ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀.

Ìbéèrè: Ọ̀nà etíkun lẹ pè é, àmọ́ a rìn ín títí a ò rí òkun. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ilẹ̀ tó wà létí òkun láti Èkó dé Lomé tín-ín-rín bí ìgbànú. Òkun wà níwájú rẹ̀, ọ̀sà wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, iyanrìn ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ilẹ̀ tó le lókè ni wọ́n sábà máa ń gbé títì ńlá gbà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ rí òkun ní láti yà kúrò lórí títì.

Ẹ wo Àgbádárìgì. Ọ̀sà ni ìlú náà kọjú sí. Kí ẹ tó rí òkun, ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Gberefu, ẹ ó wá fẹsẹ̀ rin nínú iyanrìn, ọ̀nà kan náà tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà lọ síbi tí wọn ò ti padà mọ́. Ouidah náà jìnnà sí omi tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin. Ní Grand-Popo, ẹ ó fi títì sílẹ̀, ẹ ó sì yà sí apá òsì kí ẹ tó dé etí omi. Aného ni òkun àti ọ̀sà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan ara wọn, tí ènìyàn lè rí méjèèjì láìrìn jìnnà.

Láti Kútọnu sí Ouidah, ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbà dípò títì ńlá: Route des Pêches, ọ̀nà àwọn apẹja, tó bẹ̀rẹ̀ láti Fidjrossè. Wọ́n ti da ọ̀dà sí apá kan rẹ̀, iyanrìn wà níbòmíràn, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀. Ẹ jáde láàárọ̀. Ẹ ó rí ọ̀wọ́ ènìyàn méjì tó jìnnà síra wọn létí omi, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé, tí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ń fa okùn nínipọn kan tó wọ inú òkun lọ. Orin ni wọ́n fi ń fà á, ẹsẹ̀ wọn ń rì sínú iyanrìn. Ẹni tó bá dé ìdí okùn lókè á já a sílẹ̀, á sì sáré padà sétí omi láti tún dì í mú. Ẹnì kan jókòó sẹ́yìn, ó ń ká okùn náà jọ. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀wọ́ méjèèjì ń sún mọ́ra, torí àwọ̀n kan náà ni wọ́n ń fà. Ìgbà tí àpò àwọ̀n bá yọrí nínú ìgbì ni àwọn ìyá ẹlẹ́ja á gbé abọ́ wọn dìde. Iṣẹ́ náà lè gba wákàtí mélòó kan. Ẹ ṣáà dúró wò ó dé òpin. Tí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Ìbéèrè: Ṣé a lè wẹ̀ nínú òkun náà?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ jọ̀ọ́. Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, òkun yìí sì ń hó lójoojúmọ́. Etí omi ibẹ̀ dagun, ìgbì kì í fọ́ lókèèrè, ìdí ẹsẹ̀ yín gan-an ni ìgbì ti ń fọ́, tí omi tó ń padà sí ìsàlẹ̀ á sì gbá ènìyàn lẹ́sẹ̀. Àwọn ibì kan tún wà tí omi ti ń ṣàn jáde lọ sínú ibú pẹ̀lú agbára. Ojú ibẹ̀ lè pa rọ́rọ́ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń tan àlejò jẹ. Bí irú omi bẹ́ẹ̀ bá gbé ènìyàn, kó má bá a jà láti padà tààrà. Kó wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etíkun, títí omi á fi tú u sílẹ̀, kó tó kọjú sí ilẹ̀. Ọmọdé ò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ rárá, ì báà jẹ́ dé orúnkún.

Inú omi tó wà lẹ́yìn etíkun ni kí ẹ ti ṣeré. Ní Agbodrafo, Adágún Tógò wà níbẹ̀, omi rẹ̀ tutù pẹ̀lẹ́, àwọn ènìyàn sì ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi máa ń ti ibẹ̀ sọdá sí Togoville, ìlú Ọba Mlapa, ẹni tí Nachtigal, aṣojú ìjọba Jámánì, bá àwọn aṣojú rẹ̀ ṣe àdéhùn ní July 5, 1884, tí gbogbo ilẹ̀ náà fi wá ń jẹ́ Tógò. Láti Grand-Popo náà, ẹ lè gbọ́kọ̀ lórí odò Mono lọ sí Bouche du Roy, ibi tí odò ti ń wọ òkun. Ẹ ó kọjá láàárín àwọn igi tí gbòǹgbò wọn dúró síta nínú omi, ẹ ó sì rí àwọn obìnrin tó ń se iyọ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n ní òkun ti gbé lára Grand-Popo àti Aného lọ. Òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Òkun ti jẹ ọ̀pọ̀ nínú Grand-Popo àtijọ́, ìlú tí ajé ti bú rẹ́kẹ́ nígbà kan, bẹ́ẹ̀ ni Aného, tó jẹ́ olú-ìlú Tógò lábẹ́ Jámánì kí wọ́n tó gbé e lọ sí Lomé ní 1897, ti pàdánù ilé àti ọ̀nà.

Ohun tó fà á yé mi dáadáa nígbà tí mo mọ̀ pé iyanrìn ń rìn. Ìgbì òkun yìí kì í kọlu ilẹ̀ tààrà. Ó ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, ó sì ń gbé iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, láti Gánà gba Tógò àti Benin wá sọ́dọ̀ wa. Èyí tó lọ lónìí, òmíràn ló ń rọ́pò rẹ̀. Gánà wá sé odò Volta ní Akosombo ní 1965, iyanrìn tí odò náà ń gbé wá sí òkun sì dín kù. Wọ́n ṣí èbúté Lomé ní 1968, ògiri òkúta rẹ̀ sì dí iyanrìn lọ́nà. Ní ìwọ̀-oòrùn èbúté, etíkun ń fẹ̀ sí i. Ní ìlà-oòrùn, níbi tí Agbodrafo, Aného àti Grand-Popo wà, òkun ń mú iyanrìn lọ, kò sì sí èyí tó ń wá rọ́pò. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní Èkó: ògiri òkúta ẹnu èbúté mú kí Lighthouse Beach fẹ̀, ó sì sọ Bar Beach di ẹran ìjẹ òkun títí wọ́n fi da iyanrìn sí i láti kọ́ Eko Atlantic. Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé òkun ló burú. Ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀.

Fún ìrìn àjò yín, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹ pe òtẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó sanwó, kí ẹ béèrè bóyá iyanrìn tó wà nínú fọ́tò wọn ṣì wà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ìwé wo la nílò? Owó ńkọ́?

Ìdáhùn: Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS ò nílò físà fún 90 ọjọ́. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì dání, kí ẹ sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i ní ìjáde àti ní ìwọlé, ní bodè méjèèjì. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ tirẹ̀ nílò ìwé ọkọ̀ pípé, ìwé adójútòfò Brown Card, àti ìwé àṣẹ ìwọlé ọkọ̀ tí wọ́n ń gbà ní bodè. Sẹ́fà kan náà ni Benin àti Tógò ń ná. Tí ẹ bá wọ Tógò, ẹ dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Ilé epo ni kí ẹ ti ra epo, ẹ fi kpayo inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà sílẹ̀.

Ìbéèrè: Tí ọjọ́ wa ò bá tó, ìlú wo ni ká má fò?

Ìdáhùn: Ouidah. Ẹ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà àwọn ẹrú láti ojúde Chacha lọ dé ẹnubodè Àìpadàbọ̀ létí òkun, láàárọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú. Ẹ má wọ ọkọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó rin ibẹ̀ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá, lára àtọmọdọ́mọ wọn tó ti Brazil padà sì ń gbé Ouidah di òní. Nǹkan bíi January 10 ni ọdún Vodun máa ń bọ́ sí. Tí ẹ bá fẹ́ bá wọn ṣe é, ẹ ti gba yàrá sílẹ̀ tipẹ́. November sí March ni ojú ọjọ́ gbẹ jù.

Ìbéèrè: Ṣé ọ̀nà kan náà la ó gbà padà?

Ìdáhùn: Kò pọn dandan. Láti Kútọnu, ẹ yà sí Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Ẹ ó gbọ́ Yorùbá lọ́jà, ẹ ó sì rí mọ́ṣáláṣí ńlá tí ìdílé àwọn tó ti Brazil dé kọ́ ní àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, pẹ̀lú oríṣiríṣi ọ̀dà lára rẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹ lè gba Igolo wọ Ìdírókò, kí ẹ sì gba Ọ̀tà wọ Èkó, láìtún fojú kan súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 2. Ẹ kàn rí i pé ẹ dé bodè kí ọ̀sán tó pọ́n.