Oníjó Tó Fi Ìtàgé Sílẹ̀ Kò Pàdánù Ayé Rẹ̀

Lọ́dún tí mo fi ẹgbẹ́ oníjó sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì, ẹ̀gbọ́n màmá mi wá kí mi bí ẹni kí ẹni tí òfò ṣẹ̀. "Ó mà ṣe o, ọmọ mi. Gbogbo ọdún tó o fi jó yìí, asán ló wá já sí?" Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà bẹ́ẹ̀: pé oníjó kò mọ nǹkan kan yàtọ̀ sí ijó, pé lọ́jọ́ tó bá dáwọ́ dúró, yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa kọ́ṣẹ́ bí ọmọdé.

Mo mọ ibi tí èrò náà ti wá. Èkìtì ni wá, ìwé la fi ń yangàn. Bí ọmọ bá ní ijó lòun fẹ́ fi ṣiṣẹ́, eré ṣíṣe kiri ni òbí máa ń gbọ́. Tó bá wá dẹ́kun ijó, wọn á ní ṣebí àwọn ti sọ.

Ìdáwọ́dúró kì í ṣe ìkùnà. Ara ló ní gbèdéke tirẹ̀. Tí ènìyàn bá ti pé nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún, iṣan a máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun nínú orúnkún kì í sì í jinná bọ̀rọ̀ tó bá ti ya, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kò tó nǹkan. Oníjó tó ń fò sókè, tó ń balẹ̀ lójoojúmọ́, orúnkún yẹn ló ń ná. Ní ilé ijó Opéra ti Paris, ọmọ ọdún 42 ni oníjó ti ń fẹ̀yìn tì, owó ìfẹ̀yìntì sì wà fún un.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ wo ilé. Ẹni tó bá ti rí eégún Epa níbi ọdún rẹ̀ nílẹ̀ Èkìtì mọ̀ pé ère orí rẹ̀ lè ga ju mítà kan lọ, ó sì lè wúwo ju kílò 25 lọ. Ẹni tó rù ú ní láti jó, kó sì fò gun òkìtì erùpẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó lágbára níí rù ú. Tí agbára bá dín, àbúrò á gbà á, kò sì sẹ́ni tó ń kí ẹ̀gbọ́n kú òfò. Kí ló dé tí a fi ń kí oníjó orí ìtàgé?

Ọ̀rọ̀ pé oníjó kò mọ nǹkan mìíràn ló dùn mí jù. Dùndún ń sọ̀rọ̀. Oníjó gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí ìyáàlù wí kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dáhùn. A máa ń há ijó wákàtí kan sórí láìsí ìwé. A máa ń wojú èrò, ká mọ̀ bóyá ó ti sú wọn, ká sì yí ijó padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi èyí wé iṣẹ́ alága ìdúró níbi ìgbéyàwó, ẹ ó rí ìdí tí àwọn kan nínú wa fi mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lèmi ń kọ́ báyìí. Mo máa ń mọ ọmọ tí nǹkan ń dùn látinú bó ṣe dúró, kó tó la ẹnu. Orí ìtàgé ni mo ti kọ́ ọ.

Obìnrin oníjó kan wà, Pearl Primus, tí wọ́n bí ní Trinidad, tó dàgbà ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó wá kọ́ ijó nílẹ̀ wa ní nǹkan bí 1949, Ọọ̀ni sọ ọ́ ní Ọmọwálé. Lọ́dún 1978, nígbà tó ń sún mọ́ ẹni 60 ọdún, Yunifásítì New York fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹsẹ̀ tó fi jó ló bá a débẹ̀.

N kò ní parọ́ pé ó rọrùn. Oṣù méjì gbáko ni n kò lè gbọ́ ìlù láìsunkún. Owó sì tún le ju ẹkún lọ, torí ẹgbẹ́ tí mo wà kò fi kọ́bọ̀ pamọ́ fún wa. Láti 1973 ni wọ́n ti dá àpò owó kan sílẹ̀ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì tó ń ran oníjó lọ́wọ́ láti kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Níbí, ètò owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn bẹ̀rẹ̀ ní 2019, oníjó sì lè wọ̀ ọ́. Ìwọ àbúrò mi tó o ṣì ń jó, forúkọ sílẹ̀ kí orúnkún tó bẹ̀rẹ̀ sí í ró.

Bàbá tó kọ́ wa níjó ti lé ní 70 ọdún. Wọn kì í dìde jó mọ́. Àmọ́ tí onílù bá ṣi ọ̀pá lù, àwọn ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ wò.