Kí Ẹ Tó Ra Alùpùpù Ìje Inú Ẹrẹ̀ Àkọ́kọ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kent. Ọmọ Òṣogbo ni. Ó fi ọdún mẹ́fà gun ọ̀kadà nílé kó tó wá sí Ìlú Ọba, ó sì ti wo motocross, ìje alùpùpù inú ẹrẹ̀, lórí fóònù débi pé kò sí orúkọ tí kò mọ̀ nínú àwọn tó ń gùn ún. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúuṣẹ́ o. 450 ni mo fẹ́ rà. Ẹ bá mi wá èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì dáa." Nọ́ńbà bíi 450 yẹn ni bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó, ní cc. Mo bi í pé èló ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ fún mi. Mo ní bàtà ńkọ́? Ó ní bàtà wo? Mo bá gbé àga fún un.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí gbogbo wa mọ̀ ṣàlàyé. Boxer 100 tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀kadà ní agbára ẹṣin bíi 8. Honda CRF450R ní ju 50 lọ, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, nǹkan bíi kílò 110. Tí ẹ bá ṣèèṣì fún Boxer níná jù, ìyẹn ni pé ẹ lọ́ ọwọ́ tó ń fún ẹ́ńjìnnì lépo jù, ẹ ṣì ráyè tún ọwọ́ ṣe. 450 kì í fún èèyàn láyè bẹ́ẹ̀. Táyà iwájú á bọ́ sínú kòtò, ara á ta sẹ́yìn, ọwọ́ tó di iná mú á bá ara lọ, iná á sì tún pọ̀ sí i. Bí iná ṣe ń pọ̀ ni ara ń lọ sẹ́yìn, bí ara ṣe ń lọ sẹ́yìn ni iná ń pọ̀. Kò gba ìṣẹ́jú àáyá méjì. Èmi náà fi 450 bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó gbé àga fún mi. Oṣù kejì ni egungun èjìká mi dá, oṣù mẹ́ta gbáko ni mi ò fi lè gbé sípánà.

Ìṣubú nìkan kọ́ ló ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ń bẹ̀rù alùpùpù rẹ̀ kì í kọ́ nǹkan kan lórí rẹ̀. Á di ọwọ́ ìdarí mú bí ẹni tó fẹ́ fún omi kúrò nínú aṣọ, apá rẹ̀ á le bí igi kó tó yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á sì lọ jókòó. Wákàtí tí ẹ bá fi wà lórí ìjókòó láìbẹ̀rù ló ń sọ èèyàn di ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn. Alùpùpù tó bá máa fún yín ní wákàtí bẹ́ẹ̀ púpọ̀ ni kí ẹ rà.

Oríṣiríṣi ni eré yìí. Motocross ni ti pápá amọ̀ tí wọ́n kọ òkìtì sí, tí gbogbo èèyàn máa ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà tí irin tó wà níwájú wọn bá ti wó lulẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ló ti ṣẹ̀, ní Camberley ní Surrey lọ́dún 1924. Enduro ni ti inú igbó, wákàtí púpọ̀, òkúta, odò àti gbòǹgbò igi. Trials kò ní eré sísá nínú rárá, ẹni tó bá fẹsẹ̀ kanlẹ̀ ló ń gba àmì ẹ̀bi. Mo máa ń sọ fún àwọn tó bá ti kọjá ọmọ ọdún 35 pé kí wọ́n ro enduro wò, bóyá òun ló máa bá wọn mu, ṣùgbọ́n pápá motocross ni kí ẹ ti kọ́ ọ, nítorí àwọn tó ń ju àsíá wà níbẹ̀, àwọn tó ń tọ́jú ẹni tó farapa náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ sí pápá ìṣeré àdúgbò tàbí igbó tó wà lẹ́yìn ilé. Òfin ìrìnnà ọdún 1988 ka gígun ọkọ̀ lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ọ̀nà, láìgba àṣẹ, sí ẹ̀ṣẹ̀, ọlọ́pàá sì lè gba alùpùpù náà lọ́wọ́ yín. Owó ìwọlé la ń san sí pápá, ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ sì máa sọ fún wọn ní ẹnu ọ̀nà pé ẹ̀yin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n á kó yín pọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ yín. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ díje gan-an ni ẹ máa wá ẹgbẹ́ kan dara pọ̀ mọ́, kí ẹ sì gba láísẹ́nsì, bíi ti Auto-Cycle Union, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ìje alùpùpù níbí.

Ó wá ku èwo ni kí a rà. Fún àgbàlagbà tó bá ti gun alùpùpù rí, tí kò sì ju kílò 85 tàbí 90 lọ, 125 two-stroke ni mo máa ń dárúkọ, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tí epo ń jó nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí písítìnnì bá lọ sókè tó sì padà. Yamaha YZ125 wà lókè lọ́kàn mi: láti 2005 ni wọ́n ti ń fi alumíníọ̀mù ṣe férémù rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi sí i láti 2006 ṣì ń yangàn láàárín àwọn tuntun lónìí, sípíà pátì rẹ̀ sì wà káàkiri. Nǹkan bíi kílò 95 péré ni. Tó bá ṣubú, ẹ lè dá a gbé. 125 kì í lọ àfi tí ẹ bá ń yí jíà lásìkò, tí ẹ ò sì dín eré kù jù nínú kọ́nà, nípa bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ yín. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ti ọmọdé ni. James Stewart, ọmọ aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ pé ní 2008 kò sí ẹni tó borí rẹ̀ nínú ìje 24 tí wọ́n fi ṣe ìdíje ìta gbangba ti Amẹ́ríkà, orí 125 ló ti gba àmì-ẹ̀yẹ ńlá àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 2002.

Two-stroke ń fẹ́ ọ́ìlì nínú epo. Ẹni tó bá ti po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rí fún jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I-better-pass-my-neighbour ti mọ iṣẹ́ náà. Fún YZ125, lítà 3 epo ń gba mìlílítà 100 ọ́ìlì. Ẹ má fojú díwọ̀n ọn, ẹ ra ife tó ní àmì, torí písítìnnì tí kò rí ọ́ìlì á gan mọ́ sílíńdà kí ẹ tó mọ̀. Ṣùgbọ́n tí ọjọ́ àtipààrọ̀ písítìnnì bá pé, ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe é nínú gáréèjì ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Four-stroke, tí epo rẹ̀ ń jó lẹ́ẹ̀kan nínú ìlọ-bọ̀ písítìnnì méjì, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn láti gùn, ẹni tó sanra tó sì ga máa gbádùn 250 rẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé tó bá fọ́, fáàfù, písítìnnì àti orí ẹ́ńjìnnì ló jọ ń lọ, owó àtúnṣe sì lè ju iye tí ẹ fi ra alùpùpù náà lọ. Ẹni tí kò gun alùpùpù rí láyé rẹ̀, kó wá Honda CRF230F. Kò yá tó láti gba ife-ẹ̀yẹ, kì í sì í dẹ́rù ba èèyàn.

Ti ọmọ yín ńkọ́? 50, 65, 85 ni àtẹ̀gùn rẹ̀. Mo mọ̀ pé a máa ń rán yunifọ́ọ̀mù tó tóbi fún ọmọ kó lè pẹ́ lára rẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú alùpùpù. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ò bá kanlẹ̀, ẹ dá a padà.

Àlòkù ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa rà, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó rárá, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ti tàn án kí ẹ tó dé, wọn ò sì fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe ń ṣòro láti dáhùn tó bá tutù. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n ṣí ibi tí fílítà afẹ́fẹ́ wà. Ẹ yọ fóòmù rẹ̀, kí ẹ wá ti ìka ìlábẹ̀ bọ inú rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sínú ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi nu ún yípo. Bí ìka ṣe mọ́ wọlé ló gbọ́dọ̀ mọ́ jáde. Bí eruku bá lẹ̀ mọ́ ọn, ì báà kéré bí àtíkè tí wọ́n fi pa ọmọ ìkókó, eruku yẹn ti gba inú ẹ́ńjìnnì kọjá, ó sì ti ń ha sílíńdà àti fáàfù láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa lọ. Ọ̀dà tuntun àti sítíkà tó ń dán kì í tan ìka jẹ.

Ẹ gbé táyà kúrò nílẹ̀, ẹ dì í mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì ín. Bó bá dún kọ́, bíárìn ti lọ, owó kékeré ni. Ọ́ìlì tó ń sun lára ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì náà kì í ṣe ohun à ń sá fún, ẹ ṣáà yọ owó rẹ̀ kúrò. Nọ́ńbà férémù ni kò gba ẹ̀bẹ̀. Ọrùn férémù ló wà, níbi tí ọwọ́ ìdarí ti ń yí. Ọ̀pọ̀ alùpùpù motocross ni kò ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ ti ojú títì, ìdí nìyẹn tí olè fi ń sọ ọ́ dowó kíákíá. Bí wọ́n bá ti ha nọ́ńbà náà, tàbí tí wọ́n fi ọ̀dà bò ó, ẹ máà dúró gbọ́ àlàyé.

Mo padà sórí bàtà. Nínú owó tí ẹ ní, ẹ kọ́kọ́ yọ ti akoto, bàtà, ìbọ̀wọ́, awò tó ń dáàbò bo ojú, àti ohun tí a ń dè mọ́ orúnkún àti àyà. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni owó alùpùpù. Bàtà eré yìí ga dé abẹ́ orúnkún, ó le, ó ní irin níwájú. Mo ti rí ọrùn ẹsẹ̀ tó yí sí ibi tí kò yẹ kí ẹsẹ̀ yí sí, bàtà iṣẹ́ lásán ló wà nínú rẹ̀. Akoto, tuntun ni kí ẹ rà, torí ẹ ò lè fojú rí bí èyí tó ti lù mọ́lẹ̀ rí ṣe sán nínú.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ti gun ọ̀kadà, àṣà méjì wà tí ẹ máa ní láti gbàgbé. A jókòó gun ọ̀kadà. Èyí, ìdúró ni púpọ̀ rẹ̀, orúnkún á gbá alùpùpù mú, ìgúnpá á là síta, ojú á sì máa wo iwájú dípò táyà. Ìkejì ni bíréèkì. Bíréèkì ẹsẹ̀ nìkan la mọ̀ nílé, torí a ti gbọ́ pé ti iwájú ń gbé èèyàn ṣubú. Ti iwájú ló ń dá alùpùpù dúró jù. Ìka kan ṣoṣo ni kí ẹ fi fà á, díẹ̀díẹ̀, nígbà tí táyà bá wà lójú kan, kí ẹ tó wọ kọ́nà. Kí ẹ sì mọ àsíá kí ẹ tó wọ pápá: bí wọ́n bá ń ju èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè (yellow), ẹnìkan wà nílẹ̀ níwájú, ẹ má fò, ẹ má kọjá ẹnikẹ́ni.

Àbúrò mi ará Òṣogbo ti ra bàtà. YZ125 ọdún 2008 kan la fẹ́ lọ wò ní Sátidé ní Essex. Mo ti pe ẹni tó ni ín, mo ní kó jọ̀ọ́, kó má tàn án kí a tó dé.