Bí a ṣe ń mọ ọjọ́ orí ìgò ọtí àtijọ́ tí wọ́n ti tún ṣe

Bí wọ́n bá ń pín ogún nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan nílùú Oǹdó, tí ìgò ọtí olónà kan bá jáde látinú kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀, tí ẹnu rẹ̀ ti fọ́ díẹ̀, tí wọ́n sì ti fi òrùka fàdákà bo ibẹ̀, kíá ni wọ́n máa ń tì í sápá kan gẹ́gẹ́ bí ohun alábùkù. Kò yẹ bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí pé ojú àtúnṣe yẹn gan-an ni ọjọ́ orí rẹ̀ sábà máa ń hàn sí jù.

Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ ni wọ́n fi gé ọnà ara rẹ̀. Kí a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò ṣìnáápù: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gun ara ìgò ṣìnáápù lọ sókè ni ojú ibi tí apá méjèèjì mọ́ọ̀dù ti pàdé. Bí irú ìlà bẹ́ẹ̀ bá wà lára ìgò olónà náà, tí etí ọnà rẹ̀ sì ń yọ̀ lábẹ́ ìka bí ọṣẹ tó ti lò díẹ̀, inú mọ́ọ̀dù ló ti jáde. Èyí tí wọ́n fọwọ́ gé máa ń mú létí, ó sì máa ń wúwo, nítorí òjé tí àwọn oníṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń pò mọ́ gíláàsì láti ìgbà tí George Ravenscroft ti gbàwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1674. Kí a sì yí ìdí rẹ̀ sójú oòrùn: èyí tó ti pẹ́ nílò máa ń ní ìlà wẹ́wẹ́ tó gba gbogbo ọ̀nà kọjá, ṣùgbọ́n bí gbogbo ìlà bá dojú kọ ibì kan náà, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti fi sáńpépà sọ ọ́ di arúgbó.

Wọ́n máa ń tẹ àwọn àmì kéékèèké sára òrùka fàdákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: kìnnìún tó ń rìn ń jẹ́rìí pé ojúlówó fàdákà ni, orí ọba tàbí ọbabìnrin ń fi hàn pé láàárín 1784 sí 1890 ni wọ́n san owó orí rẹ̀, lẹ́tà kan sì dúró fún ọdún. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ètò lẹ́tà tirẹ̀, nítorí náà àmì ìlú ni kí a kọ́kọ́ wá: orí àmọ̀tẹ́kùn ni ti London, ìdákọ̀ró ni ti Birmingham. Bí ọnà gbígé bá já lójijì lábẹ́ fàdákà, ẹ̀yìn tí ìgò fọ́ ni wọ́n fi òrùka sí i, ìgò sì dàgbà ju òrùka lọ.

Nígbà mìíràn, wáyà ni wọ́n fi di ojú ibi tó là, bí a ṣe ń gán igbá. Iṣẹ́ ìgbà tí gọ́ọ̀mù líle kò tíì dé nìyẹn. Ọmọrí ló kù. Àwọn oníṣẹ́ máa ń lọ ọ́ mọ́ ẹnu ìgò tirẹ̀, wọn a sì ha nọ́ńbà kan náà sí ara méjèèjì. Bí nọ́ńbà bá yàtọ̀, ọmọrí ìgò mìíràn ni wọ́n fi dé e.