Bí Fisiotẹ́rápì Ṣe Ń Ran Eegun Ẹlẹgẹ́ Lọ́wọ́

Eegun kì í dẹ́kun àtúnṣe ara rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń họ èyí tó ti gbó kúrò, àwọn mìíràn ń fi tuntun dí ojú rẹ̀, iṣẹ́ ojú kan ṣoṣo sì máa ń gba bí oṣù 4 sí 6. Tí ènìyàn bá ti kọjá nǹkan bí ọdún 30, híhọ á bẹ̀rẹ̀ sí í borí dídí díẹ̀díẹ̀. Ní ti obìnrin, ó máa ń yára gan-an nígbà tí nǹkan oṣù bá dúró, nítorí pé họ́mọ́ọ̀nù ẹ́sítírójìn tó ń kó àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń họ eegun níjàánu ti dínkù. Inú eegun, tó rí bí kànrìnkànrìn, á wá máa ní ihò tó ń fẹ̀ sí i. Èyí ni osteoporosis. Kì í dunni. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ọjọ́ tí ọrùn ọwọ́, ìgbáròkó tàbí eegun ẹ̀yìn bá ṣẹ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Ìfẹ́ ni àwọn ọmọ fi ń sọ fún ìyá wọn lẹ́yìn irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ pé, "Ẹ jókòó jẹ́jẹ́, Mà, ẹ má ṣe nǹkan kan mọ́." Ó dunni láti sọ, ṣùgbọ́n ìjókòó àjókòótì yẹn gan-an tún ń jẹ eegun. Julius Wolff, oníṣẹ́ abẹ ní Jámánì, ti kọ ọ́ ní 1892 pé bí ẹrù tó ń bọ́ sórí eegun bá ṣe rí ni eegun ṣe ń mọ ara rẹ̀. Bí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́, omi inú àwọn ihò tóóró rẹ̀ á sún, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á mọ̀ ọ́n lára, wọn á sì ránṣẹ́ pe àwọn tó ń mọ eegun. Ìdí nìyí tí lílúwẹ̀ẹ́, bó ti dára fún ọkàn tó, kì í fi í ṣe eegun lóore tó gígun àtẹ̀gùn tàbí gbígbé irin: omi ti bá ara gbé ẹrù náà.

Iṣẹ́ onífisiotẹ́rápì, ẹni tó ń fi eré ìmárale tọ́jú ara, ni láti wọn ẹrù yẹn bí a ṣe ń wọn oògùn. Á kọ́kọ́ wo bí aláìsàn ṣe ga tó, nítorí pé bí ó bá ti kúrú sí i, ó lè jẹ́ pé eegun ẹ̀yìn kan ti rún. Á wá ní kí ó ká ọwọ́ sí àyà, kí ó sì dìde lórí àga lẹ́ẹ̀marùn-ún. Láti ibi tí agbára rẹ̀ bá mọ ni ẹrù á ti máa lé sí i. Ní Ọsirélíà, ìwádìí LIFTMOR tó jáde ní 2018 fi hàn pé àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró, tí eegun wọn sì ti fúyẹ́, gbé irin wíwúwo fún ìṣẹ́jú 30, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún oṣù 8, eegun ẹ̀yìn wọn sì ki sí i. Ẹni tó mọṣẹ́ dúró tì wọ́n ní gbogbo ìgbà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá a dán wò nílé.

Ohun tó léwu jù ni kíká ẹ̀yìn kò, nítorí pé iwájú eegun ẹ̀yìn ni gbogbo ẹrù á rọ́ sí, ibẹ̀ ló sì máa ń rún. Ẹ wo ìyá àgbà tó ń gbálẹ̀ láàárọ̀: ìgbálẹ̀ kúkúrú lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀yìn ká bí ọrun, ó sì tún ń yí sọ́tùn-ún sósì. Onífisiotẹ́rápì á ní kí wọ́n so igi gígùn mọ́ ìgbálẹ̀ náà. Bí ó bá fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀, á tẹ orúnkún, á tẹ ìgbáròkó, ẹ̀yìn á sì nà. Láti dìde lórí ibùsùn, á kọ́kọ́ yí sí ẹ̀gbẹ́, á sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, á wá fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ sókè.

Nítorí pé ìṣubú ló ń ṣẹ́ ìgbáròkó jù, wọ́n tún ń kọ́ aláìsàn láti dúró ṣinṣin: á di tábìlì mú, á máa gbé gìgísẹ̀ kan síwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì. Oògùn dókítà, kálísíọ̀mù àti fítámì D kò kúrò níbẹ̀. Bí ìrora tuntun bá gún ẹ̀yìn lójijì, kí eré ìmárale dúró, kí wọ́n sì rí dókítà.

Iṣan ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tó ń fi ọwọ́ ti àga kó tó dìde lè máa dìde láìdi nǹkan mú, nígbà tó jẹ́ pé lẹ́yìn ọdún 1 tàbí 2 ni wọ́n tó máa ń tún fi ẹ̀rọ ya àwòrán eegun láti mọ̀ bóyá ó ti ki sí i.