Ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀ àti omi tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀

Ẹni tó bá máa ń wọkọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó á ti gbọ́ ọ rí: ásíìdì ti kún ẹ̀jẹ̀ gbogbo èrò, àfi kí wọ́n ra omi alkaline kan báyìí, ìyẹn omi tí wọ́n ní ó ń pa ásíìdì, kó lè fọ̀ ọ́ dànù. Ohun tó ń bíni nínú nínú irọ́ yìí ni pé iṣẹ́ tí ara ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́ ju ìpolówó lọ fíìfíì.

Ásíìdì ló ń mú kí nǹkan kan, pH ni wọ́n sì fi ń wọn kíkan náà. Nọ́ńbà tó kéré ló kan jù. Inú ikùn, níbi tí omi yẹn máa kọ́kọ́ bọ́ sí, máa ń wà ní 1.5 sí 3.5. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá, 7.35 sí 7.45 ni, yálà ọsàn wẹ́wẹ́ ló mu tàbí omi olówó gọbọi.

Níbo ni ásíìdì ti ń wá gan-an? Iyán àná ni. Bí ara ṣe ń sun oúnjẹ láti fi rí agbára ni gáàsì tí a ń mí síta ń jáde. Gáàsì yìí fúnra rẹ̀ kò kan. Ìgbà tó bá pàdé omi inú ẹ̀jẹ̀ ló ń di ásíìdì. Òun náà ló ń hó nínú mínírà: bí ìgò bá wà ní ṣíṣí di ọjọ́ kejì, gáàsì á lọ, kíkan tó bá a wá á sì bá a lọ. Ara èèyàn ni ìgò tí wọn kì í dé. Ẹ̀dọ̀fóró ni ẹnu rẹ̀, ọpọlọ ló ń ṣọ́ ọ. Bí gáàsì bá pọ̀, èémí á yára. Bó bá dín, èémí á rọra. Ìgò tó ń fẹ ẹnu ara rẹ̀, tó tún ń fún un pọ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ilé iṣẹ́ wo ló lè ṣe é? Ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, ẹnu ìgò ló ń fẹ̀. Ẹni tó bá sì di èémí mú, gáàsì tó ń kó jọ ló ń ni ín lára jù, kì í ṣe pé afẹ́fẹ́ tuntun ti tán.

Iyọ̀ kan wà nínú ẹ̀jẹ̀, bàíkábónéètì, tó ń gbá ásíìdì mú lójú ẹsẹ̀, tó ń sọ ọ́ di omi àti gáàsì. Ṣùgbọ́n ó ń tán. Kíndìnrín ló ń ṣe òmíràn, òun náà ló ń da ásíìdì tí kò ṣe é mí síta, bí èyí tó ń wá látinú ẹran àti ẹyin, sínú ìtọ̀. Nítorí náà, pH ìtọ̀ lè wà níbikíbi láàárín 4.5 sí 8. Bébà tí wọ́n ń rì sínú ìtọ̀ tó ń yí àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀jẹ̀ yí padà. Ó ń fi hàn pé kíndìnrín ti da àṣẹ́kù nù ni.

Ibi tí ètò yìí ti kù díẹ̀ káàtó ni pé kíndìnrín kò yára. Ó lè gbà á ní ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kó tó dé ojú iṣẹ́ tán. Ìgbẹ́ gbuuru kì í dúró dè é: ó ń gbé omi àti bàíkábónéètì lọ lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá lára ọmọdé. Ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru tó wá ń mí kíákíá tàbí tó ń fa èémí jinlẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti ń dá iṣẹ́ méjì ṣe, tirẹ̀ àti ti kíndìnrín. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ, kí wọ́n sì máa fún un ní omi iyọ̀ àti ṣúgà lójú ọ̀nà.