Gàrí, ginseng àti ọ̀bẹ tó ń gé ṣúgà

Kò sí kòkòrò alààyè nínú ìgò ìpara tí wọ́n kọ "ferment filtrate" sí lára. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé èyí kúrò lọ́nà, torí àìmọye èèyàn ló rò pé bakitéríà ni àwọn ń fi pa ojú. Ferment ni ohun tí bakitéríà ti sọ di kíkan, filtrate sì ni omi rẹ̀ tí a ti sẹ́. Bí ẹni sẹ́ ògì ni, àfi pé ihò asẹ́ ilé iṣẹ́ lè kéré tó 0.2 máíkírómítà (máíkírómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà), bakitéríà tó ń sọ nǹkan di kíkan kì í sì í sábà kéré tó bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan bá tilẹ̀ yọ́ wọlé, èròjà tí kì í jẹ́ kí ìpara bàjẹ́ ń dúró dè é. Ìgò tí bakitéríà bá ń gbé inú rẹ̀ ní fàlàlà á wú, á sì máa rùn bí omidùn tí wọ́n gbàgbé sẹ́yìn ilé.

Òṣìṣẹ́ ti lọ, iṣẹ́ rẹ̀ ló kù sínú ìgò. Iṣẹ́ yẹn gan-an ló dùn ún sọ.

Ẹ wo ginseng ilẹ̀ Kòríà, ewéko tí wọ́n ń fi gbòǹgbò rẹ̀ ṣe oògùn àti ìpara. Èròjà tí wọ́n ń pè ní ginsenoside ni wọ́n ń wá nínú gbòǹgbò rẹ̀, ọ̀kan tó sì pọ̀ níbẹ̀ ń jẹ́ Rb1. Alábàárù tó di ẹrù mẹ́rin ni Rb1: ṣúgà méjì so mọ́ ọn lápá kan, méjì lápá kejì. Ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bí 1,109 dalton, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà awọ ara sì há. Ní 2000, àwọn onímọ̀ nípa awọ ara méjì, Bos àti Meinardi, kọ ọ́ pé ohun tó bá ti wúwo ju 500 dalton lọ, agbára káká ni yóò fi wọ awọ tí kò lọ́gbẹ́.

Bakitéríà tí wọ́n dà sí ginseng kò mọ̀ pé awọ ẹnikẹ́ni wà láyé. Ebi ló ń pa á, ṣúgà ló sì ń wá. Ẹ́ńsáímù, èròjà tí ohun alààyè fi ń tú nǹkan ká, ni ọ̀bẹ rẹ̀; beta-glucosidase ni orúkọ eléyìí. Ó gé ọ̀kan, ó gé èkejì, ó gé ẹ̀kẹta, ó kó wọn jẹ. Èyí tó ṣẹ́ kù, tí ṣúgà kan péré wà lára rẹ̀, ni wọ́n ń pè ní compound K: nǹkan bí 623 dalton.

Ẹni tó bá ti ṣe gàrí rí ti lo irú ọ̀bẹ yìí. Ṣúgà kan ló so mọ́ linamarin, ohun tó ń di májèlé nínú pákí. Bí wọ́n bá rin pákí, tí ara rẹ̀ fọ́ yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́, linamarase tó ti wà nínú pákí fúnra rẹ̀ á bá linamarin pàdé, á gé ṣúgà náà dànù. Èyí tó kù á tú ká, cyanide á jáde: òmíràn á bá omi lọ lábẹ́ jáàkì, òmíràn á bá ooru agbada lọ. Ìdí nìyí tí gàrí tí wọ́n rin láàárọ̀ tí wọ́n yan nírọ̀lẹ́ fi yẹ ní fífura sí: wọn ò fún ọ̀bẹ láyè. Beta-glucosidase ni linamarase náà. Ti pákí, à ń gé e kí ohun abẹ́ ṣúgà lè lọ. Ti ginseng, à ń gé e kó lè kù sí wa lọ́wọ́.

Ásíìdì náà lè gé ṣúgà yìí, ṣùgbọ́n bí ẹni fi àdá gé èékánná ni. Ó máa ń kan ibi tí a ò rán an. Ẹ́ńsáímù mọ ojú ibi tó ń gé. Ọgbọ́n tó wà nínú ètò yìí nìyẹn, owó oṣù òṣìṣẹ́ náà ò sì ju ṣúgà lọ.

Àmọ́ 623 ṣì ju 500 lọ. Ó dìgbà tí ṣúgà kẹrin bá já kí ìwọ̀n rẹ̀ tó wálẹ̀ sí nǹkan bí 461, páálí kì í sì í sọ ibi tí gígé dé. Filtrate lè wà nípò kìíní lára èròjà tí wọ́n tò sẹ́yìn páálí, torí bí ìwọ̀n ṣe pọ̀ tó ni wọ́n fi ń tò ó, omi ló sì pọ̀ jù nínú filtrate fúnra rẹ̀. Compound K tó wà nínú omi yẹn lè má ju kíún lọ.