Ìdí tí ẹṣin fi máa ń gbóòórùn omi kó tó mu ún

Tó o bá wo ẹṣin tó dúró ti bàsíà omi dáadáa, wàá rí i pé kì í kàn ki ẹnu bọ̀ ọ́. Ó máa kọ́kọ́ rọra gbé imú sún mọ́ ọn, á gbóòórùn ẹ̀, á fi ètè kàn án díẹ̀, kó tó wá máa fà á. Tí òórùn yẹn ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò ní mu ún, tàbí kó mu ìwọ̀nba tí ò lè tó o. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí kò lẹ́nu tó máa fi sọ pé omi yìí ò dáa, lára ìgbẹ́ ẹ̀ àti ìwà ẹ̀ la ti máa rí i.

Ẹṣin tó ti dàgbà máa ń mu bíi lítà 25 sí 55 lójúmọ́, ìyẹn bíi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kan sí méjì, tí òòrùn bá wá mú tàbí tí wọ́n gùn ún kó fi làágùn, ó lè di ìlọ́po méjì. Omi yẹn níṣẹ́ tó ń ṣe. Oúnjẹ ẹṣin lọ́dọ̀ wa gbẹ: pòròpóró, koríko gbígbẹ, ewé ẹ̀pà, èèrí bàbà. Itọ́ ló fi ń gbé e mì, itọ́ yẹn sì lè ju 30 lítà lọ lóòjọ́. Tó bá dé ìfun ńlá, inú omi ló máa wà bí ìgbà téèyàn rẹ àgbàdo ògì, kó lè rọ̀, kí ara lè rí oúnjẹ fà jáde níbẹ̀. Tí omi ò bá tó, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi inú ìfun yẹn lò, èyí tó wà níbẹ̀ á gbẹ, á le, á wá há síbi tí ìfun ti ṣẹ́ kọ́nà tó sì fún. Ẹṣin kì í bì, ẹ rántí, torí náà ohun tó bá ti wọlé ò lè gba ẹnu padà.

Bí inú rírun ṣe ń mú un nìyẹn. Ìgbẹ́ ẹ̀ á kọ́kọ́ kéré, á gbẹ, á le kóró-kóró. Lẹ́yìn náà kò ní fẹ́ jẹun mọ́, á máa yíjú wo ẹ̀gbẹ́ ara ẹ̀, á máa fẹsẹ̀ ha ilẹ̀, á dùbúlẹ̀ á tún dìde, nígbà míì á máa yí gbirigbiri. Ó máa ń dùn mí gan-an tí wọ́n bá na ẹṣin tó wà nírú ipò yẹn, tí wọ́n ní olóríkunkun ni, nígbà tó jẹ́ pé ìrora ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, dókítà ẹran ló yẹ kí wọ́n pè kíá.

Ní Abẹ́òkúta, orí àpáta la wà, omi bọ́hò àwọn àdúgbò kan sì máa ń ní irin nínú: ó máa mọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tó bá pẹ́ díẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì á pọ́n bí ìpẹtà. Irin yẹn kì í sábà pa ẹṣin lára, àmọ́ adùn ẹ̀ lè mú kó dín bó ṣe ń mu kù. Kànga ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ tí omi ẹ̀ ti lọ sílẹ̀ máa ń rú, èyí tó bá wà nítòsí ṣáláńgá tún burú jù. Odò Ògùn náà ńkọ́? Tí ẹṣin bá ń mu níbi tí omi ò ti jìn, ó máa ń gbé iyanrìn mì, iyanrìn yẹn á máa jókòó sínú ìfun díẹ̀díẹ̀ títí á fi di wàhálà. Omi tó dúró sójú kan nínú òòrùn tí nǹkan aláwọ̀ ewé ti bò lójú, ìyẹn ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù, torí irú kan wà nínú ẹ̀ tó lóró, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè fojú mọ èyí tó lóró yàtọ̀ sí èyí tí ò lóró.

Omi tó mọ́ gan-an náà, ẹṣin lè kọ̀ ọ́ tí kò bá mọ̀ ọ́n. Wọ́n lè gbé ẹṣin láti Abẹ́òkúta lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde fún Ojúde Ọba, kó débẹ̀ kó gbóòórùn omi ibẹ̀ kó yíjú kúrò, bẹ́ẹ̀ sì rèé ọjọ́ tó máa làágùn jù nìyẹn. Àwọn tó gbọ́n máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi ilé dání, wọ́n á máa fi lú tibẹ̀. Òógùn ẹṣin sì ní iyọ̀ gan-an, tí iyọ̀ yẹn bá bá òógùn lọ, òùngbẹ lè má gbẹ ẹ́ bó ṣe yẹ, ìdí nìyẹn tí iyọ̀ fi gbọ́dọ̀ wà níbi tó ti lè lá a. Àwọn kan ní tí ara ẹ̀ bá gbóná èèyàn ò gbọ́dọ̀ fún un lómi, kì í ṣòótọ́ o, ẹ fún un, díẹ̀díẹ̀.

Tí ẹṣin bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ má fi bàsíà kan ṣoṣo sílẹ̀ fún wọn, torí èyí tó lágbára máa lé èyí tó rẹlẹ̀ kúrò, ẹni tó ń bomi sí i á sì rò pé gbogbo wọn ti mu. Ẹ máa fọ bàsíà lójoojúmọ́, ẹ gbé e jìnnà síbi tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí, kẹ́ ẹ sì máa ka iye kẹ́ẹ̀gì tó ń lọ. Ẹ fìka méjì fa awọ ọrùn ẹ̀ sókè kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀: tí omi bá tó lára ẹ̀ awọ yẹn á padà kíá, tó bá dúró sókè bíi òkè kékeré, omi ò tó o nìyẹn.